Bí Ẹ Ṣe Lè Darí Òṣìṣẹ́ Nílé-iṣẹ́ Kékeré Kí Wọ́n Sì Pẹ́ Lọ́dọ̀ Yín

Kí òṣìṣẹ́ tó kọ lẹ́tà pé òun ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ó lè jẹ́ ọjọ́ tí ẹ jágbe mọ́ ọn lójú oníbàárà ló ti lọ. Ó lè jẹ́ oṣù tí owó rẹ̀ pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò sì bá a sọ ìdí, tàbí ìgbà tó mú àbá kan wá tí ẹ ní kó dúró ná, tí ẹ ò sì padà sórí ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Nílé-iṣẹ́ ńlá, ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń ni lára lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Níbi tí èèyàn mẹ́rin tàbí mẹ́jọ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ka mìíràn dà? Ẹ̀yin lẹ gbà á síṣẹ́, ẹ̀yin lẹ ń sanwó fún un, ẹ̀yin náà ló sì máa fẹjọ́ yín sùn. Bí ọ̀rọ̀ yín bá ti sú u, ẹnu ọ̀nà ló kù. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìwà tí ọ̀gá ń hù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń mú òṣìṣẹ́ dúró nílé-iṣẹ́ kékeré. Àmọ́ ìwà rere tí kò ní ètò kì í tọ́jọ́: bí iṣẹ́ bá ti pọ̀, ẹnu a yí padà. Ètò tó ń ti ìwà náà lẹ́yìn ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ṣírò ohun tí ẹni tó lọ gbé lọ

Òṣìṣẹ́ tó lọ gbé owó lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í mọ̀, nítorí kò sí rìsíìtì tó fi hàn. Ẹ mú ìwé, ẹ rántí ẹni tó lọ gbẹ̀yìn. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni àyè rẹ̀ fi ṣófo? Wákàtí mélòó lẹ fi wá ẹlòmíràn, tí ẹ fi ka ìwé tí wọ́n kọ wá, tí ẹ sì fi fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò? Oṣù mélòó ni ẹni tuntun náà lò kó tó lè dá iṣẹ́ ṣe láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni? Oníbàárà mélòó ló bá ẹni àkọ́kọ́ lọ? Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di owó, kí ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àfikún owó oṣù tí ẹ sọ pé agbára yín ò ká.

Henry Ford ṣe irú ìṣirò yìí. Ní 1913, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gba èèyàn tó lé ní 50,000 láàárín ọdún kan, kí nǹkan bí 14,000 ṣáà lè wà lẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ náà ti di ohun kan náà láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn tí wọ́n ń gbà ò sì fara dà á. Ní oṣù kìíní ọdún 1914, ó kéde dọ́là 5 lóòjọ́, tó tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀, ó sì dín wákàtí iṣẹ́ kù láti 9 sí 8. Iye àwọn tó ń fiṣẹ́ sílẹ̀ já wálẹ̀. Nígbà tó yá, Ford fúnra rẹ̀ ka owó yẹn mọ́ àwọn ohun tó dára jù tí òun ṣe láti dín ìnáwó kù.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ iṣẹ́ náà kí ẹ tó wá ẹni tó máa ṣe é

“A ń wá ẹni tó lè ṣe ohunkóhun.” Ẹni tí ẹ bá fi irú ọ̀rọ̀ yìí gbà máa ṣe ohunkóhun fún oṣù mẹ́ta, á rẹ̀ ẹ́, á sì lọ. Ẹ kọ iṣẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà tó máa ń ṣe lọ́sẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ máa rí lópin oṣù kẹta tí ẹ fi máa mọ̀ pé ó ń ṣe dáadáa. Ẹ kọ orúkọ ẹni kan tó máa jábọ̀ fún. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe kókó gan-an níbi tí tọkọtaya tàbí ọ̀rẹ́ méjì bá ti jọ ni iṣẹ́: bí ọ̀kan bá ní kó lọ sọ́tùn-ún, tí èkejì ní kó lọ sósì, òṣìṣẹ́ ni ẹ̀bi máa ń já lé lórí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ fi iṣẹ́ dán iṣẹ́ wò

Ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu kì í ṣe ẹ̀rí pé ọwọ́ mọ iṣẹ́. Ẹ fún ẹni tó ń wáṣẹ́ ní díẹ̀ lára ojúlówó iṣẹ́ náà kó ṣe é lójú yín: akọ̀wé, kó dáhùn lẹ́tà oníbàárà kan tínú ń bí, ẹni tó máa di owó mú, kó tú ìṣirò kan tí ẹ ti fi àṣìṣe méjì sí. Wákàtí kan ti tó. Bó bá máa gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sanwó rẹ̀, nítorí òógùn rẹ̀ ni.

Ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi gbogbo wọn, kí ẹ máa kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó jọ yín tàbí tó pa yín lẹ́rìn-ín lẹ máa mú. Ohun tí wọ́n ti ṣe rí ni kí ẹ béèrè: “Ẹ sọ ìgbà kan fún mi tí oníbàárà bínú sí yín. Báwo lẹ ṣe yanjú rẹ̀?” Lẹ́yìn náà, ẹ pe ọ̀gá tó ti bá ṣiṣẹ́ rí, kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan: “Bí àyè bá ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín lónìí, ṣé ẹ máa gbà á padà?” Ẹ fetí sí bó ṣe pẹ́ tó kó tó dáhùn.

Ẹ sì sọ ibi tó le nínú iṣẹ́ náà kó tó gbà. Bí ó bá jẹ́ pé òpin ọ̀sẹ̀ ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù, tàbí pé oníbàárà máa ń pariwo, ẹ má fi pa mọ́. Ẹlòmíràn máa kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ìyẹn sì sàn ju kó lọ lóṣù kejì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kódà bó jẹ́ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo

Ojú ìwé méjì ti tó: iṣẹ́ tó máa ṣe, iye owó oṣù àti ọjọ́ tí wọ́n ń san án, wákàtí iṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń ṣírò àfikún wákàtí, ọjọ́ ìsinmi, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ara rẹ̀ ò bá yá, bí àkókò ìdánwò ṣe gùn tó, àti ọ̀sẹ̀ mélòó ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yín gbọ́dọ̀ fi sọ̀rọ̀ ṣáájú kí iṣẹ́ tó parí. Kí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù ú, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òfin iṣẹ́ orílẹ̀-èdè yín ló máa sọ èyí tó kéré jù tí ẹ gbọ́dọ̀ fún un, ẹ kà á tàbí kí ẹ bi agbẹjọ́rò. ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ti fi òdiwọ̀n lélẹ̀ tipẹ́. Àdéhùn rẹ̀ àkọ́kọ́, tí wọ́n ṣe ní 1919, fi wákàtí 8 lóòjọ́ àti 48 lọ́sẹ̀ ṣe ààlà fún iṣẹ́ bí ti ilé ẹ̀rọ, ìwakùsà àti ìkọ́lé. Ti 1970 sì ní kí ìsinmi ọdọọdún tí wọ́n ń sanwó fún má dín ní ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ mẹ́ta. Bí orílẹ̀-èdè yín ò bá tiẹ̀ tíì fọwọ́ sí wọn, ibẹ̀ dára láti fi ojú wọn ìwé yín. Ẹ má sì gbàgbé pé ìsinmi tí ẹ kọ sínú ìwé tí òṣìṣẹ́ ń bẹ̀rù láti gbà, ẹ ò tíì fún un.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ọjọ́ àkọ́kọ́ títí dé àádọ́rùn-ún ọjọ́

Ọ̀pọ̀ ìfiṣẹ́sílẹ̀ ló ti gbòǹgbò láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tuntun dé, kò sí ẹni tó mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ló ń bọ̀. Wọ́n ní kó jókòó síbì kan. Kò sí àga tó jẹ́ tirẹ̀, kọ̀ǹpútà ò tíì ní orúkọ rẹ̀, ó ń tijú láti béèrè ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Nígbà tó bá fi di ọ̀sán, ó ti ń ronú ibi iṣẹ́ kejì tí wọ́n pè é tó kọ̀.

Torí náà, ọjọ́ tí ọwọ́ yín ò dí jù ni kí ẹ ní kó wá. Kí tábìlì rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ àti ohun tó fi máa ṣiṣẹ́ ti wà nílẹ̀. Ẹ yan òṣìṣẹ́ kan tí kì í ṣe ẹ̀yin, tó lè béèrè ọ̀rọ̀ kéékèèké lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn gan-an, ẹ fún un ní iṣẹ́ kékeré kan tó lè parí kó tó lọ sílé, kó lè lọ pẹ̀lú ìdánilójú pé òun ti ṣe nǹkan.

Ní ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ jókòó tì í: kí ló yé e, kí ni kò tíì yé e? Ní ọgọ́ta ọjọ́, ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó rí níbẹ̀ tí ojú yín ti mọ́ jù láti rí. Ní àádọ́rùn-ún ọjọ́, ẹ gbé ìwé ìgbésẹ̀ kejì yẹn sáàárín, kí ẹ sọ òótọ́ fún ara yín bóyá iṣẹ́ náà bá a mu. Bí kò bá bá a mu, ìgbà yẹn ló rọrùn jù láti pínyà láìsí ìjà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Owó

Ọjọ́ tí ẹ sọ ni kí ẹ san án. Ẹni tó bá ní láti yá owó torí pé owó oṣù rẹ̀ fi ọjọ́ márùn-ún pẹ́ ti ń wá iṣẹ́ mìíràn nínú ọkàn rẹ̀. Bó bá dà bí ẹni pé owó ò ní tó lóṣù kan, ẹ pè wọ́n kí ọjọ́ tó pé, ẹ sọ iye tí ẹ lè san báyìí àti ọjọ́ tí ẹ máa san ìyókù, kí ẹ sì mú un ṣẹ. Èèyàn lè fara da ìròyìn burúkú, àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ máa ń mú kí wọ́n rò pé ẹ ti fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìwé owó oṣù ṣe pàtàkì níbi tí èèyàn ò pọ̀: kí òṣìṣẹ́ rí ohun tó kún un, ohun tí wọ́n yọ, àti ìdí rẹ̀. Ẹ sì ronú pé gbogbo wọn mọ iye tí ẹnì kejì ń gbà, nítorí wọ́n mọ̀ ọ́n. Bí ẹni tuntun bá ń gbà ju ẹni tó ti bá yín dé láti ìbẹ̀rẹ̀ fún iṣẹ́ kan náà, ẹ wá àtúnṣe sí i kí ẹni àtijọ́ tó gbọ́. Ẹ fi oṣù kan nínú ọdún sílẹ̀ tí ẹ máa ń tún owó gbogbo ènìyàn yẹ̀ wò. Àfikún tó ń wá kìkì nígbà tí ẹnì kan bá halẹ̀ pé òun ń lọ ń kọ́ àwọn yòókù láti máa halẹ̀.

Ní 1959, Frederick Herzberg, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde lórí nǹkan bí 200 ẹnjiníà àti akáǹtáǹtì. Wọ́n rí i pé ohun tó ń bí òṣìṣẹ́ nínú yàtọ̀ sí ohun tó ń mú orí rẹ̀ wú. Owó tí kò tó, òfin ilé-iṣẹ́ tí kò mọ́yán lórí, àbójútó tí kò dára wà ní apá kan. Àṣeyọrí, ìmọrírì àti ojúṣe tó ń pọ̀ sí i wà ní apá kejì. Àwọn kan ti bá a jiyàn láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n mo rí ọgbọ́n ńlá nínú rẹ̀ fún ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kékeré: ìyìn ò lè rọ́pò owó oṣù, owó oṣù náà ò sì lè rọ́pò ìyìn.

Ìgbésẹ̀ keje: Ogún ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀

Bí ẹ bá máa mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ mú èyí. Ẹ bá òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jókòó fún ogún ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ àti wákàtí kan náà. Ẹ pa fóònù. Òun ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fi àkókò náà béèrè iṣẹ́ tó kù, ó ti di ìjábọ̀ lásán.

Ìbéèrè gbogbogbòò máa ń mú ìdáhùn gbogbogbòò wá. Bí ẹ bá ní “Ṣé kò sí ìṣòro?”, ó máa ní “Kò sí, ọ̀gá.” Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn bí ẹ bá béèrè ohun tó ṣe é dì mú:

“Nínú iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí, èwo ló gbà yín lákòókò jù?”

“Ìwé ọjà ni, ọ̀gá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń kọ ọ́.”

“Ẹ̀ẹ̀mejì báwo?”

“Mo kọ́kọ́ máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, kí n tó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀.”

“Ta ló ń ka ìwé ńlá yẹn?”

“Mi ò mọ̀, ọ̀gá. Èmi ò rí ẹni tó kà á rí.”

Ìwé tí ẹnikẹ́ni ò kà ti ń jẹ wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹni tó ń kọ ọ́ sì ti gbà pé ẹnikẹ́ni ò ka iṣẹ́ òun sí. Ẹ ní kó dáwọ́ rẹ̀ dúró láti ọ̀la, kí ẹ sì sọ létí àwọn yòókù pé òun ló jẹ́ kí ẹ rí i. Ohun tó ń mú èèyàn pẹ́ níbi iṣẹ́ wà nínú irú àtúnṣe kékeré bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ ṣèlérí sílẹ̀, kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ sọ pé ẹ ò lè ṣe é àti ìdí rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, ẹ fi ìbéèrè mìíràn kún un: “Bí ẹ bá máa fi ibí sílẹ̀, kí ló máa fà á?” Ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń dúró di ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ń kó ẹrù kí wọ́n tó béèrè.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Bí a ṣe ń báni wí

Ní ọdún 1996, Amy Edmondson, olùwádìí ará Amẹ́ríkà, gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí àṣìṣe oògùn nílé ìwòsàn. Ó ti rò pé àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó mọwọ́ ara wọn jù ni àṣìṣe wọn máa kéré jù. Ohun tó bá ni pé àṣìṣe tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ló pọ̀ jù. Àlàyé tó bọ́gbọ́n mu ni pé níbi tí ẹ̀rù ọ̀gá ò ti bani, wọ́n máa ń sọ àṣìṣe wọn jáde; níbi tí ẹ̀rù ti ń bani, wọ́n máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Àṣìṣe tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ lè ba ilé-iṣẹ́ kékeré jẹ́ láàárín oṣù kan.

Nítorí náà, ní kọ̀rọ̀ ni kí ẹ ti báni wí, kí ìyìn wà ní gbangba. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Ẹ má kó ẹ̀sùn oṣù mẹ́ta jọ. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí, ohun tó dá sílẹ̀, àti ohun tí ẹ fẹ́. “Ọ̀lẹ ni yín” kò fún un ní ohunkóhun tó lè tún ṣe. “Ẹ fi ogójì ìṣẹ́jú pẹ́ lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, oníbàárà méjì dúró títí, ọ̀kan lọ. Kí ló ṣẹlẹ̀?” fún un láyè láti ṣàlàyé. Ẹ wá dákẹ́ kí ó dáhùn ní tòótọ́. Ó lè jẹ́ ọmọ ló ń ṣàìsàn, ó sì lè jẹ́ pé yíyí wákàtí rẹ̀ padà fún ọ̀sẹ̀ méjì ló máa yanjú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Lọ́jọ́ kejì, ẹ kí i bí ẹ ṣe ń kí i tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá tó di kùnrùngbùn ti fi ìjìyà kejì kún ìyà àkọ́kọ́.

Bí ìwà náà ò bá yí padà, ẹ kọ ìkìlọ̀ sínú ìwé, ẹ fi ọjọ́ sí i, ẹ jẹ́ kó fèsì. Àdéhùn ILO ti 1982 lórí dídá òṣìṣẹ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́ béèrè ìdí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ àti àǹfààní láti gbèjà ara ẹni, òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ní irú ẹ̀ nínú. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ wà níbẹ̀ títí torí ojú ń tì yín: àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kárakára ló ń ru ẹrù rẹ̀, àwọn ló sì kọ́kọ́ máa lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ìdàgbàsókè níbi tí kò sí àtẹ̀gùn

Nílé-iṣẹ́ èèyàn márùn-ún, ipò tí ẹ lè gbé ẹnì kan sí ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ojúṣe ò lópin. Ẹ jọ̀wọ́ iṣẹ́ kan pátápátá fún un: ríra ohun èlò, tàbí kíkọ́ àwọn tuntun, tàbí ìdáhùn gbogbo ẹjọ́ oníbàárà. Ẹ sọ iye owó tó lè ná láìbi yín. Bó bá ṣe ìpinnu kan tí ẹ̀yin ì bá má ṣe, àmọ́ tí kò ba nǹkan kan jẹ́, ẹ má yí i padà. Bí ẹ bá yí i, kò ní pinnu nǹkan kan mọ́, gbogbo rẹ̀ á sì padà sórí tábìlì yín.

Ẹ sanwó ẹ̀kọ́ fún wọn. Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá kọ́ ọ tán, ó máa lọ. Òmíràn máa lọ lóòótọ́. Ẹni tí ẹ ò kọ́ tó sì jókòó tì yín fún ọdún mẹ́wàá ni ẹ̀rù rẹ̀ yẹ kó bà yín.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Mọ̀lẹ́bí lẹ́nu iṣẹ́

Kò burú láti gba mọ̀lẹ́bí. Ohun tó ń lé àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ni kí òfin máa bá wọn jà kí ó sì máa yẹra fún un. Ìwé àdéhùn kan náà ni kó buwọ́ lù, wákàtí kan náà ni kó dé, ìdánwò kan náà ni kó ṣe. Bó bá ṣeé ṣe, ẹlòmíràn ni kó jábọ̀ fún. Kí ẹ sì bá a ṣàdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ kì í dé ilé, ọ̀rọ̀ ilé kì í dé ibi iṣẹ́. Bí àwọn yòókù bá ti rí i pé ojú yín ló jẹ́ láàárín wọn, ẹnikẹ́ni ò ní sọ òótọ́ fún yín mọ́ nínú ogún ìṣẹ́jú yẹn.

Ìgbésẹ̀ kọkànlá: Nígbà tí ẹnì kan bá ń lọ

Wọ́n máa lọ, kódà bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí. Ẹ má bínú, ẹ má sì fi owó tó tóbi bẹ̀ ẹ́ lójijì, nítorí àwọn yòókù máa béèrè ìdí tí owó yẹn ò fi sí tẹ́lẹ̀. Ẹ bi í léèrè ohun tó kọ́kọ́ mú un ronú láti lọ, kí ẹ fetí sílẹ̀ láìgbèjà ara yín. Ẹ jẹ́ kó kọ bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó sì fi han ẹni tó máa gbà á, kí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn tó dé. Ẹ san gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ, torí ọ̀pọ̀ ló máa ń padà wá, tàbí kí wọ́n júwe yín fún ẹlòmíràn tó mọṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà bá jáde, ẹ pe àwọn tó kù kí àhesọ tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ sọ ẹni tó máa di iṣẹ́ wo mú, ọ̀sẹ̀ mélòó ló máa fi ṣe é, owó tí ẹ máa fi kún tirẹ̀ láàárín ìgbà náà, àti ọjọ́ tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlòmíràn.